Bámilóyè Tẹ Ìkìlọ̀ Ojú Irin

Láti Ladi-Lak dé Fádèyí, ìyá tí yóò bí atẹ̀wé bíi Bámilóyè kò tíì délé ọkọ. Bí àṣìṣe bá rí i, fúnra rẹ̀ ló ń sá kúrò lórí ìwé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ìkìlọ̀ ojú irin tuntun wá fún un láti tẹ̀, ó ń ka àwọn ilé tí ìjọba máa wó, àfi gbàà! ilé tirẹ̀ ní Abúlé Òkúta.

Ó fi han ìyá ọmọ rẹ̀.

“Bàbá Níní, ẹ yọ ọ́ jàre!” ni Mojíbọ́lá ìyàwó rẹ̀ wí. “Ẹ pè é ní àṣìṣe.”

“Èmi, àṣìṣe? Katakata awólé ò mọ̀wé kà, Ìyá Níní. Á wó o náà ni, aládùúgbò á tún ní mo yọ tèmi, mo fi tiwọn sílẹ̀.”

Ó tẹ̀ ẹ́ pé. Tàdáwà ìwé àkọ́kọ́ kò tíì gbẹ tó fi lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ara rẹ̀.