Òkúta Tí Mo Mú Fún Rìsì

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí n kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, kò sí ohun tí à ń retí nínú ọlidé ńlá bí ìpàgọ́ etí omi. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Fẹ́sítáàkì á rántí pápá ìgbafẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé wa nígbà náà, tí koríko rẹ̀ tẹ́ rẹrẹ dé etí ọ̀sà. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ibẹ̀ ni àwọn àlejò tó wá ṣe àjọ̀dún ńlá tí ìjọba torí rẹ̀ kọ́ ìlú wa ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi. Bẹ́ǹṣì oníṣìmẹ́ńtì tí wọ́n jókòó sí ṣì wà ńbẹ̀, àmọ́ ewúrẹ́ ló kù tó ń sùn lórí wọn.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun, olùkọ́ kan tí kò tíì gbéyàwó ní òpópónà wa, ló ń kó wa lọ fún ọjọ́ méjì. Tapólì àti ògbólógbòó ìró àwọn ìyá wa la fi ń pàgọ́. Àwa ọmọbìnrin á ṣa igi, a ó fi eérú fọ ìkòkò títí èékánná wa á fi dúdú. Ẹ̀wà àti gààrì tútù là ń jẹ lọ́sàn-án. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á yan ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́wọ́ àwọn apẹja, ìtasánsán rẹ̀ á sì mú kí àwọn tó ń ṣe súwẹ̀ pa eré tì. Ẹni tó bá ṣàìgbọràn á kúnlẹ̀, á káwọ́ sókè, kò sì ní fẹnu kan ẹja. Mo mọ ìyà yẹn dáadáa, nítorí ẹnu mi kì í dákẹ́.

Ìyá àgbà mi ló ń bá wa lọ láti dáná, wọn ò sì gbà kí Bọ̀dá Ṣẹ́gun kà wá. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí Bọ̀dá nàka sí wa, "Ení, èjì," igbakọ ni Ìyá àgbà fi gbá ọwọ́ náà. "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ! Ṣé ewúrẹ́ lo rò pé wọ́n ni?" Bọ̀dá wá dá ọgbọ́n mìíràn. Tí a bá ti dé, ọmọ kọ̀ọ̀kan á ju òkúta kan sínú abọ́. Tí oòrùn bá fẹ́ wọ̀, kálukú á mú ẹyọ kan kúrò. Bí abọ́ bá ṣófo, gbogbo wa pé. Bí òkúta bá ṣẹ́kù, ọmọ kan ò tíì dé. Báyìí lọkàn gbogbo àgbà ṣe balẹ̀.

Rìsì ni ọ̀rẹ́ mi. Ìyá rẹ̀ ń ta mílíìkì, ṣúgà àti bisikíìtì ní Apple Junction. Mùsùlùmí ni wọ́n, ṣọ́ọ̀ṣì làwa ń lọ, àmọ́ Iléyá tiwọn, Kérésì tiwa, inú àwo kan náà lèmi àti Rìsì ti ń jẹ ẹ́. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, bàtà tuntun ni Rìsì wọ̀ wá, ìyá rẹ̀ sì ti kìlọ̀ pé tó bá sọ ọ́ nù, ara rẹ̀ máa sọ fún un. Nírọ̀lẹ́, bí a ṣe ń ti ibi tí a ti fọ ìkòkò bọ̀, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó rí i pé òun ti gbàgbé bàtà sí etí omi. Bọ̀dá Ṣẹ́gun sì ti ń lu abọ́ pé ká wá mú òkúta.

"Jọ̀ọ́, bá mi mú tèmi," Rìsì wí. "Mò ń bọ̀ kíá." Ó sáré lọ. Mo mú méjì.

Abọ́ ṣófo. Bọ̀dá ní ká jókòó ká jẹun. Mo fi ewé bo ẹja Rìsì, mo wá ń wo ọ̀nà. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ mo ro ti ìkúnlẹ̀, mo ro ti ẹja tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ àwa méjèèjì, ni mo bá panu mọ́, èmi aláròyé. Ìgbà tí Ìyá àgbà béèrè pé, "Rìsì ńkọ́?" ilẹ̀ ti ń ṣú. Bọ̀dá Ṣẹ́gun bẹ́ sómi tòun taṣọ. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni àwọn apẹja gbé Rìsì wá fún wa. Bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kan.

Gbogbo àdúgbò yí Bọ̀dá Ṣẹ́gun ká. Ohun kan náà ni Bọ̀dá ń tún sọ: "Ẹ̀yin ará mi, abọ́ ṣófo. Mo fojú mi rí i." Àwọn èèyàn ní irọ́ ni, pé kò wo abọ́ rárá. Bàbá mi pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Ṣé o mọ nǹkan kan nípa rẹ̀?" Mo mi orí pé rárá. Òkúta méjèèjì wà nínú àpò ẹ̀wù mi bí wọ́n ṣe ń bi mí. Kí oṣù tó parí, Bọ̀dá Ṣẹ́gun ti kó kúrò ní Fẹ́sítáàkì, n kò sì gbúròó wọn mọ́ títí dòní.

Nísinsìnyí, wọ́n ti fi iyanrìn dí etí omi yẹn, ilé alájà ló kún ibẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu géètì làwọn ọmọ mi ti ń ṣeré. Omi tí wọ́n ń wẹ̀ ò ju orúnkún lọ, fóònù sì ń sọ ibi tí wọ́n wà fún mi. Wọ́n máa ń sọ pé ìgbà èwe tiwa dùn ju tiwọn lọ. Nígbà yẹn, ẹni tó bá purọ́ lórí ẹran inú ìkòkò máa jẹ pàṣán kó tó sùn. Irọ́ tèmi yìí, kò sẹ́ni tó nà mí lórí rẹ̀, ó sì ń dùn mí ju ẹgba lọ.

Ìyá Rìsì ti darúgbó, ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. Raji Rasaki Estate ni wọ́n ń gbé, mo sì máa ń gbé búrẹ́dì lọ kí wọn lọ́jọ́ Jímọ̀. Wọ́n á ní èmi nìkan nínú àwọn ọ̀rẹ́ Rìsì ni kò gbàgbé àwọn. Wọ́n á gbàdúrà fún ọkọ mi àti àwọn ọmọ mi. Lẹ́yìn náà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún Bọ̀dá Ṣẹ́gun: "Ọkùnrin tó ní òun ń ṣọ́ ọmọ mi, tó jẹ́ kómi gbé e lọ, Ọlọ́run má jẹ́ kí òun náà jèrè ọmọ."

Gbogbo ìgbà ni mo ń pinnu láti ilé pé òní ni màá jẹ́wọ́. Ní Jímọ̀ tó kọjá, bí wọ́n ṣe ṣépè yẹn tán, mo tiẹ̀ ti la ẹnu. Wọ́n rọra di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "O ò ṣe àmín, ọmọ mi."

Mo ṣe àmín.