Ẹ̀kọ́ Kẹ́mísírì Lábẹ́ Àtíbàbà Gàrí

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Mowe, mo fẹ́ ra omi mu, ni òórùn gàrí tí wọ́n ń yan lọ́wọ́ bá gbà mí nímú. Kì í ṣe òórùn gàrí inú àpò o. Èyí ṣì ń gbóná, ó ṣì kan díẹ̀, èéfín igi sì ti bá a wọlé. Mo dúró gbagidi láàárín àwọn ọlọ́kadà. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ ń lọ ni àbí ẹ ò lọ?" Kò mọ̀ pé mo ti lọ. Mo ti padà sí abúlé wa lẹ́yìn Mowe, lọ́nà tó já sí ìhà Ọ̀fàdà, láyé ìgbà tí fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó jẹ́ pé orí ọ̀gán la máa ń gùn kí a tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ẹ̀gẹ́ ni abúlé wa ń gbìn nígbà náà. Ẹ̀gẹ́ la ń bó, ẹ̀gẹ́ la ń lọ̀, òun náà ló sì ń rùn lára aṣọ ilé-ìwé wa. Àtíbàbà ńlá kan wà lẹ́yìn ilé Ìyá Múínátù, níbi tí àwọn ìyá wa ti ń yan gàrí láràárọ̀. Múínátù ni ọ̀rẹ́ mi. Ó ga, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó sì máa ń rìn bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ kánjúkánjú. Nígbà tí gìrì mú àbúrò rẹ̀, ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé e dé Mowe, nọ́ọ̀sì kan níbẹ̀ sì gba ọmọ náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ láìbéèrè ohunkóhun. Ọmọ náà yè. Láti ọjọ́ náà ni Múínátù ti sọ pé nọ́ọ̀sì lòun máa ṣe. Ó máa ń wé aṣọ funfun mọ́rí, á máa di ọwọ́ wa mú pé òun ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù. Bó bá ti ní ara rẹ ò yá, ara rẹ ò yá nìyẹn. Ewúrẹ́ pàápàá kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ilé-ìwé girama wa kò ní olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, kò sì ní yàrá tí wọ́n ti ń ṣe é. Ọ̀gá ilé-ìwé wa kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó máa ń fi oúnjẹ tirẹ̀ bọ́ ọmọ tí ebi bá ń pa. Àmọ́ ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ibi tí ọmọ oko lè dé ní ààlà. Nígbà tí Múínátù kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ tó ní òun fẹ́ ka kẹ́mísírì, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ máa rọra. Yorùbá, ìmọ̀ ẹ̀sìn àti ìmọ̀ ìjọba ti tó yín."

Lójú ọ̀nà ilé, Múínátù ń sáré rìn ṣáájú mi títí a fi kọjá odò. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Kò tó mi."

Lọ́dún náà ni ìjọba fi agùnbánirọ̀ kan ránṣẹ́ sí wa, Kọ́pà Chidi, ọmọ Ìgbò tí Yorùbá ń fì síwá sẹ́yìn lẹ́nu rẹ̀. Kẹ́mísírì gan-an ló kà ní yunifásítì, ṣùgbọ́n ọ̀gá ní kó máa kọ́ wa ní ìṣirò nìkan. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ kọjá níwájú àtíbàbà, ó tẹrí ba fún àwọn ìyá wa, ó ní, "Ẹ kú ìṣẹ́ o!" Ìyá Múínátù ju igbá ìyan-gàrí sílẹ̀. "Kọ́pà, ìṣẹ́ kọ́ o! A ti bá ìṣẹ́ jà, ó ti lọ. Iṣẹ́ ni kí ẹ kí wa!" Ẹ̀rín pa gbogbo wa. Bí òun àti àwọn ìyá wa ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn.

Òun náà ló ní bí kò bá sí yàrá sáyẹ́ǹsì, àtíbàbà wà. Nígbà tí iná bá ti kú lábẹ́ agbada lọ́sàn-án, a ó gbá ilẹ̀, a ó jókòó sórí àpò òfìfo. Ó bu omi tó ń ro lára ẹ̀gẹ́, ó ní ásíìdì nìyẹn. Ó po eérú abẹ́ agbada mọ́ omi, ó ní òdì ásíìdì nìyí. Lẹ́yìn náà ló wá rẹ ìṣápá pupa sómi. Nígbà tó da omi ìṣápá yẹn sínú omi ẹ̀gẹ́, ó pọ́n fòò. Nígbà tó dà á sínú omi eérú, ó di àwọ̀ ewé lójú wa kòrókòró. Ìyá mi pariwo, "Olúwa ò!" Múínátù kò pariwo ní tirẹ̀. Ó kàn na ọwọ́, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí èmi náà ṣe é."

Ìròyìn dé etí ọ̀gá. Ó wá bá wa lábẹ́ àtíbàbà, òógùn bò ó.

"Ta ló fún yín láṣẹ? Wọ́n á fìdí rẹmi, orúkọ ilé-ìwé mi á bàjẹ́. Bí gbogbo wọn bá sì di nọ́ọ̀sì, ta ni yóò máa yan gàrí?"

Ìyá Múínátù kúnlẹ̀ kí i tán kó tó dá a lóhùn. "Àwa náà ni, sà. Àbí nọ́ọ̀sì kì í jẹ gàrí ni?"

Ọ̀gá bínú lọ. Ó ní òun kò ní bu ọwọ́ lu ìwé tí Kọ́pà fi ń gba owó lọ́wọ́ ìjọba lóṣù náà. Kọ́pà palẹ̀ ìgò rẹ̀ mọ́, ó ní òun máa dáwọ́ dúró. Ní Ọjọ́ Ajé, àwọn ìyá wa kò dáná. Wọ́n wọ aṣọ tí eérú ti bà jẹ́, wọ́n lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ìwé, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, ẹnikẹ́ni ò pariwo. Nígbà tí ọ̀gá béèrè ohun tí wọ́n wá ṣe, ìyá mi ní, "A ò wá jà, sà. A wá jókòó ni." Wọ́n jókòó títí oòrùn fi yẹ àtàrí. Ọ̀gá bu ọwọ́ lùwé.

Síbẹ̀, kò jẹ́ kí a fi orúkọ ilé-ìwé rẹ̀ ṣe ìdánwò kẹ́mísírì tí wọ́n fi ń jáde ní girama. A ní kò burú. Èmi àti Múínátù fi orúkọ ara wa sílẹ̀ ní Ìfọ̀, a lọ wọ̀ sílé àǹtí Múínátù níbẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, àwọn ọmọ kan ń wo sálúbàtà wa. Àwa ń wo ìgò gíláàsì tó wà níwájú wa, ó mọ́ ju gbogbo ohun tí a ti fọwọ́ kàn rí lọ.

Nígbà tí èsì jáde, mo yege. Múínátù kò yege. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní, "Ṣebí a ti sọ fún wọn?" Bàbá rẹ̀ pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ ọkọ. Múínátù sunkún fún ọjọ́ kan, ó bójú, ó sì sọ fún bàbá rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ pé, "Bàbá, ẹ ní sùúrù fún mi. Ìdánwò ló bì mí ṣubú, kò pa mí." Kọ́pà ti parí ọdún rẹ̀, ó ti lọ. Múínátù kó àwọn ọmọ tó kéré jọ sábẹ́ àtíbàbà, ó ń fi ìṣápá kọ́ wọn, ó sì fi ń kọ́ ara rẹ̀. Lọ́dún kejì ó tún lọ ṣe é ní Ìfọ̀, ó sì yege. Nígbà tí wọ́n gbà á sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, ìyá rẹ̀ jó láti ilé dé odò, igbá ìyan-gàrí lọ́wọ́. Èmi lọ sí polí, mo kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, òun ni mo fi ń jẹun títí di òní.

Wọ́n ti ta ilẹ̀ àtíbàbà náà. Ẹni tó ti Èkó wá kọ́ ilé sí i, ó mọ ògiri yí i ká. Láti Mowe dé Ibafo, ilé-ìwé aládàáni ti pọ̀ bí ilé epo. Àmọ́ àwọn ọmọ ìletò tó wà lẹ́yìn wọn lọ́hùn-ún ṣì ń rìn gba ẹrẹ̀ kọjá níwájú géètì wọn, àwọn àgbà kan sì ṣì wà tó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n máa rọra. Múínátù wà ní Owódé Ẹ̀gbá, ó ń gbẹ̀bí. Wọ́n ní kó wá sí Èkó, ó ní òun ò lọ. Bí ọmọbìnrin oko kan bá sì wá bá a pé òun fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, kì í bi í léèrè pé ọmọ ta ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹnìkan á sọ fún yín lọ́jọ́ kan pé ibi tí wọ́n bí yín sí ni ẹsẹ̀ yín mọ. Ẹ má bú u. Bó bá jẹ́ àgbà, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kí i dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ dìde, ẹ gbọn eruku orúnkún yín, kí ẹ sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.