Irin Tí Ẹ̀wà Bàbá Wẹ́dà Kò Rí Jẹ

Ẹ bá mi wọ agboolé mẹ́ta ní Ìsàlẹ̀ Èkó, géètì méjì níbẹ̀ á jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ Jíbrílù, tí gbogbo Ìdúmàgbò mọ̀ sí Bàbá Wẹ́dà. Ọkùnrin tó ti ń fi irin jẹun láti kékeré! Àmọ́ ẹ̀wà ló fẹ́ pa á lọ́dún tí ìyàwó rẹ̀, Àmúdàtù, kú.

Ẹ̀wà pupa kéékèèké ni, tí obìnrin náà jogún lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tó máa ń gbìn sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí ògiri àtijọ́ wó sí. Ìkúnwọ́ kan péré ló ṣẹ́ kù nínú agolo. Jíbrílù gbin gbogbo rẹ̀. Bí èyí bá kú, ó parí nìyẹn.

Ó rántí pé Àmúdàtù máa ń wọ́n eérú sí i nítorí kòkòrò. Ìyàwó ń fi ìka wọ́n ọn. Ọkọ ń fi abọ́ dà á, láràárọ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́! Ewé wá ń pọ́n bí ojú oníbà.

Nusrat, ìyàwó Tawfiq ọmọ rẹ̀, tó ń kọ́ni ní báyọ́lọ́jì, ní kí àwọn fa ọ̀kan tu wò.

"Fà á tu kẹ̀? Ìyá Tawfiq lo fẹ́ fà tu yẹn!"

Nígbà tó yá, Jíbrílù fúnra rẹ̀ ló fà á. Kókó wẹ́wẹ́ so mọ́ gbòǹgbò rẹ̀. Nusrat fi èékánná la ọ̀kan. Inú rẹ̀ funfun.

"Bàbá, ó yẹ kó pupa ni. Àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí ló ń gbénú ẹ̀, kì í ṣe èyí tó ń jẹ ewé o. Àwọn ló ń fa oúnjẹ látinú afẹ́fẹ́ fún ẹ̀wà. Tí wọn ò bá rí irin, wọn ò lè ṣiṣẹ́."

"Irin? Nínú ilé tèmi?" Ó ti dìde, ó fẹ́ lọ kó irin wẹ́wẹ́ wá láti ṣọ́ọ̀bù.

"Irin wà nílẹ̀, Bàbá. Eérú àti àwókù ògiri yìí ni ò jẹ́ kó yọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da eérú mọ́."

Ó dun Jíbrílù wọra pé ọwọ́ òun ló fẹ́ parí ẹ̀. Ó ṣa àwókù, ó kó eérú dànù, ó fi ewé tó ti jẹrà rọ́pò, ó wá jókòó tì í. Ẹ̀rù ń bà á, kò sì fi pa mọ́. Nígbà tó ṣe, ewé tuntun yọ, ó tutù yọ̀yọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí òdòdó.

"Ìyá Tawfiq!" ó lọgun sínú ilé. "Wá wò ó o! Ó ti tanná!"

Nígbà tó rántí, Jíbrílù káwọ́ lérí.

"Wọ́n ti gbọ́, Bàbá," Nusrat dáhùn láti ilé ìdáná.