Eyín Bíìtì Tó Fò Sí Mi Lójú

Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta l'Ọ̀kà ni ojú òsì mi ti fọ́. Mo rántí orúkọ gbogbo wa tí a jọ ń fi ẹ̀rọ lu àpáta níbẹ̀, àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀: ọmọ Ọ̀kà, ọmọ alágbẹ̀dẹ, tí a sin lóṣù tó kọjá.

Ohun tó bá nílé bàbá rẹ̀ ni pé irin tó bá pọ́n nínú iná, omi ló ń mú un le. Nítorí náà, bí a bá ti yọ bíìtì, orí ẹ̀rọ tó ní eyín tó ń lu àpáta, nínú ihò, tó gbóná janjan, kíá ni yóò tì í bọ garawa omi. Bíìtì yẹn sì pẹ́ lọ́wọ́ wa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gbogbo wa yìn ín, a ní ẹ̀jẹ̀ alágbẹ̀dẹ ò purọ́.

Nígbà tó gbó, wọ́n kó òmíràn wá. Ó tì í bọmi bíi ti àtẹ̀yìnwá. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lé àpáta ni, ẹ̀rọ lù ú, eyín rẹ̀ kan ṣẹ́, ó fò, ojú mi ló bà.

Ẹnjiníà wa wá kí mi nílé n'Íkàrẹ́. Ó ní eyín bíìtì kì í ṣe irin tí wọ́n rọ. Ìyẹ̀fun líle ni, tí wọ́n tẹ̀ pọ̀, tí wọ́n wá sun bí ẹni sun ìkòkò. Ti àkọ́kọ́, wọ́n bu erùpẹ̀ kan tó ṣọ̀wọ́n sí i, ìwọ̀nba bí iyọ̀ ọbẹ̀, òun ló jẹ́ kí ìyẹ̀fun náà di ara wọn mú tí omi ò fi tètè là á. Èkejì ò ní in. Ó lè ṣẹ́ láìsí omi pàápàá.

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi, ọmọ alágbẹ̀dẹ yìí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo gbé garawa."

Láti ìgbà náà, bí koríko bá ti hù, yóò ti Ọ̀kà wá roko mi. Ìyàwó mi ní kí n dá a dúró, pé ó tó gẹ́ẹ́. Mo ní ohun tó ń fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nìyẹn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n oko mi náà ń mọ́.

Lójò èṣí, orúnkún rẹ̀ ti wú. Ó ro oko díẹ̀, ó jókòó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tiẹ̀ ní sọ pé kí n lọ sinmi?"

Mo rò pé àwàdà ni. Mo ní, "Ṣebí ìsàlẹ̀ yẹn nìkan ló kù."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọkọ́ ti ara rẹ̀ dìde, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ síbẹ̀. Mo jókòó sábẹ́ igi káṣú, mo ń wò ó.