Ègé Aṣọ Pupa Lára Bọmubọmu

"Màmá, mo ti rí òmíràn!"

Ẹ̀yìn bọ́họ̀ọ̀lù ni mo ti ń pariwo bọ̀, ẹrẹ̀ kún ẹsẹ̀ mi. Ìró ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Màmá ni ìyá àgbà tó ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù onípákó tó kọjú sí ilé wa ní Egan. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é bẹ́ẹ̀, n kò mọ orúkọ míì fún un. Ó fà mí mọ́ra, òórùn epo ẹ̀rọ àti aṣọ tuntun wà lára rẹ̀.

"Ṣé o wo ẹ̀yìn ewé ẹ̀? Kí lo rí?"

"Ẹyin funfun, Màmá. Ó kéré báyìí."

"Ó dáa. Mú bọ́tìnnì kan wá."

Orí aṣọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ àtijọ́ kan la ti ń ya àwòrán àdúgbò. Òwú dúdú ni títì, òwú búlúù ni gọ́tà, bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé sì ni ibi tí igi bọmubọmu kọ̀ọ̀kan wà. Màmá fẹ́ràn labalábá pupa rúsúrúsú kan tí etí ìyẹ́ rẹ̀ dúdú. Ó ní ọmọ labalábá náà kì í jẹ ewé míì ládùúgbò wa ju bọmubọmu lọ. Tí wọ́n bá gé e tán, labalábá náà tán nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, sanitéṣọ̀n ti dé tán, Sátidé ìparí oṣù tí gbogbo èèyàn ń jáde tún àyíká ṣe. Alága àwọn lándílọ́ọ̀dù ní wọ́n á gé gbogbo igbó, ejò ti pọ̀ jù. Màmá lọ bẹ̀ ẹ́. Alága ní àwọn tó máa gé e ò mọ ewé kan yàtọ̀ sí èkejì. N kò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Màmá ní ìyẹn ò le jàre. Nírọ̀lẹ́ Fúráìdé, ó bu ègé aṣọ pupa sí mi lọ́wọ́, a sì so ó mọ́ bọmubọmu kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè mọ èyí tí wọ́n máa fò.

Láàárọ̀ Sátidé, mo ń gbọ́ ìró àdá, àfi bó ṣe dákẹ́. Mo yọjú. Àwọn ọkùnrin dúró gbagidi, wọ́n ń wo aṣọ pupa.

"Ààlè nìyí," ọ̀kan wí. "Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ara ẹ̀ ló máa kó o sí."

Ìyá kan tó máa ń ṣáájú àdúrà ládùúgbò ní kí wọ́n dáná sun ún, ó sì rán ọmọ rẹ̀ lọ gbé kẹrosíìnì wá. Àwọn ọmọ labalábá wà lára ewé yẹn, àwọn míì ti so rọ̀ lábẹ́ rẹ̀ bí yẹtí aláwọ̀ ewé. Mo sáré lọ pe Màmá.

Ó dé tòun ti tépù ìwọnṣọ lọ́rùn. "Ẹ jọ̀ọ́, ààlè kọ́. Èmi ni mo so ó. Ègé aṣọ lásán ni."

Wọn ò gbà á gbọ́. Ìyá aládùúrà sún mọ́ ọn, ó tẹjú mọ́ aṣọ náà, ó sì yíjú sí Màmá.

"Màmá, ṣé kì í ṣe aṣọ Àjíǹde mi nìyí?"

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ká tépù ọrùn rẹ̀.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kò ṣẹ́kù. Mo ní kẹ́ ẹ fi rán fìlà fún ọmọ mi, ẹ ní aṣọ ò tó."

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Alága rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Màmá náà ń rẹ́rìn-ín, ó rán mi lọ mú aṣọ bẹ́ẹ̀dì wá, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, kálukú sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé rẹ̀ lórí aṣọ. Alága rí bọ́tìnnì lẹ́yìn ilé tirẹ̀, inú ẹ̀ dùn bíi tọmọdé. Ó ní kí wọ́n fi gbogbo èyí tó ní aṣọ sílẹ̀. Màmá sì rán fìlà náà lọ́fẹ̀ẹ́.

Kò pẹ́ tí àwọn labalábá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Èmi àti Màmá lóṣòó ti àkọ́kọ́, ìyẹ́ rẹ̀ tutù, ó rún wómúwómú, ó wá ń nà díẹ̀díẹ̀. Màmá di ọwọ́ mi mú pinpin. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ sunkún.

Màmá ti kú báyìí. Fóònù lèmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi fi ń sàmì sí ibi tí bọmubọmu wà láti Igando dé Ìjẹ̀gùn, kí ẹni tó fẹ́ gégbó lè mọ èyí tó máa dá sí. Ṣùgbọ́n aṣọ bẹ́ẹ̀dì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ti kọ́lé sí ibi ọ̀pọ̀ bọ́tìnnì rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tẹ̀lé òwú búlúù dé ẹ̀yìn bọ́họ̀ọ̀lù àtijọ́. Bọmubọmu wà níbẹ̀. Mo yí ewé kan padà, mo rí ẹyin funfun.

N kò mọ ìgbà tí mo pariwo, "Màmá, mo ti rí òmíràn!"

Obìnrin kan yọjú lójú fèrèsé, ó béèrè ẹni tí mò ń pè. Mo ní ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí ni. Ó ní kí Màmá máa bọ̀ nígbà náà, òun á ṣí géètì fún wọn.