Ọ̀gá Tó Ń Gbóòórùn Èéfín Mọ́tò

Ọ̀gá tó ń tún mọ́tò ṣe ní Manigri kì í tètè ṣí ẹ́ńjìnnì. Aṣọ funfun ló máa ń nà sídìí mọ́tò kó gba èéfín, á wá gbé e símú bí ẹni ń gbóòórùn ọbẹ̀.

"Tó bá dúdú, ẹ̀sánsì tí mọ́tò ń mu ló pọ̀ jù. Tó bá rí bí aró, epo ẹ́ńjìnnì ló ń jó. Mọ́tò kì í purọ́, ẹ̀yin dírẹ́bà ni."

Èmi ni dírẹ́bà òyìnbó kọmándà tó ń ṣàkóso Bassila, èmi náà ni ògbufọ̀ rẹ̀. Ọdún méjì ni mo lò nílé ìwé, mo sì ń fi í yangàn bí ogún ọdún. Òyìnbó ní mọ́tò àtijọ́ kan tó máa ń sáré bí ẹṣin, ọ̀gá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe. Bí mo ṣe ń wà á padà, mo rí i pé epo ẹ́ńjìnnì ti dín. Mo yọ́ òrí, mo dà á sí i. Mo ṣe bí mo gbọ́n.

Èéfín bo Bassila. Òyìnbó ránṣẹ́ mú ọ̀gá, ó ní kó sọ ohun tó ba mọ́tò òun jẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀wọ̀n ni. Ọ̀gá gbóòórùn aṣọ rẹ̀, ó wò mí.

"Ọmọ mi, òrí ni wọ́n dà sí i. Bá mi sọ fún un."

Mo kọjú sí òyìnbó, mo sọ ní Faransé pé ọ̀gá ní òun ò mọ̀.

Ọ̀gá ò gbọ́ Faransé. Bí wọ́n ṣe ń dè é lọ́wọ́, ó ṣì ń sọ fún mi pé, "O ṣeun, ọmọ mi, o gbìyànjú."