Omi Obì Lọ́nà Kíṣí

Bí ẹnikẹ́ni bá ń yin ìrìn àjò ayé àtijọ́ létí mi, mo mọ̀ pé onítọ̀hún kò wọ bọ́lẹ̀kájà láti Abẹ́òkúta dé Kíṣí rí. Èmi wọ̀ ọ́. Òyìnbó ṣì ń ṣèjọba lé wa lórí nígbà náà, ìyàwó tuntun ni mí ní Ìfọ̀, ìyá ọkọ mi sì ń ṣòwò obì gbàǹja. Wọ́n máa ń rà á jọ láti oko Ìbàfò, Mowé àti Ìbógùn, wọn á sì gbé e lọ sí Kíṣí nínú ọ̀dàn lọ́hùn-ún, níbi tí obì kì í hù. Rélùwéè ń gba Ìfọ̀ kọjá, ṣùgbọ́n kò dé Kíṣí, nítorí náà bọ́lẹ̀kájà, ọkọ̀ akẹ́rù onípákó, ni a wọ̀ láti Abẹ́òkúta.

Ọkọ̀ náà ń rùn. Wọ́n so ewúrẹ́ sórí òrùlé rẹ̀, ìtọ̀ wọn sì ń gba àárín pákó jò sọ́rùn ẹni tó bá jókòó lábẹ́ wọn. Ọrùn tèmi ni. Bàbá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń jẹ tábà, ó ń tu itọ́ rẹ̀ síta, afẹ́fẹ́ sì ń dá a padà fún wa. Nígbà tí a kọjá Ṣakí, igi di kọ̀ọ̀kan, koríko gbígbẹ gba gbogbo ilẹ̀, ọ̀nà sì di kòtò lórí kòtò. Ẹnì kan bì sẹ́sẹ̀ ẹnì kejì, ẹnì kejì bú ìyá rẹ̀. Eruku pupa kún ẹnu mi. Gbogbo wọn pátá ló kó mi nírìíra, àtewúrẹ́ àtènìyàn.

Nígbà tó di ọ̀sán, níbi tí ojú kò ti rí ilé kankan, ẹ́ńjìnnì hó, ó sì kú. Rédíétọ̀ ti lu. Dírẹ́bà fi ọṣẹ dí ojú ihò náà, ó ní kí olúkúlùkù mú omi ọwọ́ rẹ̀ wá. Àwọn èrò kó tiwọn sílẹ̀, títí kan ìyá ọlọ́mọ kan tó jókòó kọjú sí mi. Ọṣẹ tú, gbogbo omi náà sì ṣàn sínú iyẹ̀pẹ̀. Dírẹ́bà tún un dí, ṣùgbọ́n omi ti tán, ló bá gbé gálọ́ọ̀nù fún àwọn ọkùnrin pé kí wọ́n lọ tọ̀ sínú rẹ̀. Wọ́n tọ̀ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. Nígbà tó dà á sínú irin gbígbóná, òórùn tó yọ kò ṣeé fẹnu sọ. Ó ní kí a ní sùúrù kí ara ẹ́ńjìnnì tutù.

Kì í ṣe gbogbo wa la kó omi sílẹ̀. Ìyá ọkọ mi ti fi ìró bo akèrègbè omi tiwọn. Obì gbàǹja kì í fẹ́ ooru. Bó bá gbóná nínú agbọ̀n, á dúdú, á sì jẹrà, bẹ́ẹ̀ gbogbo owó ilé wa ló wà nínú agbọ̀n méjì yẹn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ ìyá ọlọ́mọ yẹn ti sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há, ètè rẹ̀ ti bó, ọmú ìyá rẹ̀ kò sì sun mọ́.

Ìyá ọkọ mi gbé akèrègbè jáde lójú gbogbo wa, wọ́n ṣí agbọ̀n, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n omi sí obì. Obìnrin náà kúnlẹ̀ nínú èébì tó wà nílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, ẹ fún ọmọ mi lómi díẹ̀."

"Omi obì nìyí," ni wọ́n fèsì. "Kì í ṣe omi mímu."

Ìtọ̀ ewúrẹ́ kò rí mi lára tó ọ̀rọ̀ yẹn.

Omi díẹ̀ ń kán láti ìdí agbọ̀n. Obìnrin náà tẹ́ ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó fi ìwọ̀nba tó rí gbà ra ètè ọmọ. Ìyá ọkọ mi rí i.

"Ìyàwó, gbé agbọ̀n yẹn sún, kí o bá mi wọ́n èyí tó kù."

Ìyàwó tuntun kì í bá ìyá ọkọ jiyàn. "Ó dáa, Ìyá," ni mo wí. Abọ́ obìnrin náà wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo gbé agbọ̀n náà sún lóòótọ́, mo gbé e ka etí ìjókòó, kí ìdí rẹ̀ lè wà lókè abọ́ náà gẹ́lẹ́. Mo gba akèrègbè, mo sì ń dà á. Omi gba àárín obì kọjá, ó jò sínú abọ́, ó pọ́n, eruku àti ewé wà nínú rẹ̀. Obìnrin náà fi etí ìró sẹ́ ẹ, ọmọ mu ún, ó tún ń wá sí i.

"Omi yẹn ti pọ̀ jù."

"Obì náà gbóná gan-an ni, Ìyá."

Wọ́n wò mí títí. Mo dà á tán.

Obì tí omi bá pọ̀ jù lára rẹ̀ kì í pẹ́ bu. Nígbà tí a dé Kíṣí, kò sẹ́ni tó ra agbọ̀n yẹn. Nígbà tí a délé, ìyá ọkọ mi sọ fún ọkọ mi pé, "Ìyàwó rẹ kò mọ obì í wọ́n." Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n má bínú. A jọ gbé inú ilé kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Nígbàkígbà tí ìyá ọkọ mi bá bu omi fún mi, mo máa ń ní òùngbẹ kò gbẹ mí.